Ṣé gíláàsì infrared lè rí ìràwọ̀ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ mi obìnrin ka ìtàn Gerry Neugebauer, onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń fi infrared wo ojú ọ̀run, ó ní irú iṣẹ́ ẹ̀ lòun fẹ́ ṣe. Ẹnìkan wá ń ta gíláàsì infrared fún wa, ó ní tí ìkùukùu bá tiẹ̀ ṣú, ìràwọ̀ á hàn. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, màmá. Ìbéèrè yìí ò yéé dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú gan-an torí owó àwọn ọmọ tó fẹ́ mọ̀wé ni wọ́n ń jẹ.

Infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí àmọ́ tí ara ń mọ̀ bí ooru, kì í la gbogbo nǹkan kọjá o. Eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ló ń là kọjá, bẹ́ẹ̀ ni Neugebauer àti Eric Becklin tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ṣe rí àárín gbùngbùn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa tí eruku bò mọ́ wa lójú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968. Àmọ́ ìkùukùu tiwa, omi ni, omi sì máa ń gbé infrared mì, kódà èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán lọ́jọ́ tójú ọ̀run mọ́ ń gbé púpọ̀ ẹ̀ mì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé telescope lọ sórí òkè, tí wọ́n sì fi rán sátẹ́láìtì IRAS lọ ní 1983, Neugebauer wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà.

Ohun tó bá sì ti gbóná, infrared ń jáde lára ẹ̀: ọwọ́ yín, ògiri, gíláàsì yẹn fúnra ẹ̀. Ó dà bíi kéèyàn tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan kó wá máa wá iná ẹ̀. Helium olómi, ìyẹn gáàsì tí wọ́n mú tutù títí tó fi di olómi, ni wọ́n fi mú telescope inú IRAS tutù, ó tutù débi pé ó fi nǹkan bí 271 lọ sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, nígbà tí helium tán lẹ́yìn oṣù 10, iṣẹ́ parí.

Ẹ sọ èyí fọ́mọ yín: Neugebauer àti Robert Leighton tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò lówó dígí ńlá ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n da epoxy, irú gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń gan, sínú àwo alumíníọ̀mù, wọ́n ń yí i títí tó fi gan, ó di dígí oní-íńṣì 62. Òun ni wọ́n fi rí ohun tó ń tan infrared tó lé ní 5,600 lójú ọ̀run.

Kó gbájú mọ́ máàsì àti físíìsì. Mi ò tíì rí gíláàsì yẹn fúnra mi o, ó lè wúlò fún nǹkan míì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi wo oòrùn láé. Tẹ́ ẹ bá ti san díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ní kí ọ̀gbẹ́ni náà wá fi ìràwọ̀ kan ṣoṣo hàn yín lálẹ́ tí ìkùukùu bá ṣú, kó tó gba ìyókù.