42 ni tìrẹ, 43.5 ni ti kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó ṣi ìṣirò nínú ẹ̀yin méjèèjì

Àbúrò mi, má tíì fa ìwé ya. O ní ọjọ́ 11 lo fi ka iye ìṣẹ́jú tí danfo fi ń gbé ọ dé ibi iṣẹ́, o sì fẹ́ fi ya boxplot, ìyẹn àwòrán alápòótí tó ń fi bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká hàn. O ní Q1 (ìsàlẹ̀ àpótí, níbi tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ rẹ̀) tí o fọwọ́ ṣírò jẹ́ 42, Q3 (òkè àpótí, níbi tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wà lókè rẹ̀) jẹ́ 65, àmọ́ R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, gbé àpótí tirẹ̀ lé 43.5 àti 62.5. O fẹ́ mọ ibi tí o ti ṣì í, o sì ń béèrè bóyá kí o pa 140 tó dá dúró lókè yẹn rẹ́.

O ò ṣì í. Wò wọ́n bí o ṣe tò wọ́n: 35, 40, 42, 45, 50, 52, 55, 60, 65, 70, 140. Ìkẹfà ló bọ́ sí àárín gbùngbùn, ìyẹn 52, òun ni mídíánì. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti pínyà. Ìwọ gbé 52 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o tó wá àárín àwọn márùn-ún ìsàlẹ̀, o bá 42. R ka 52 mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó tún kà á mọ́ ti òkè, ó wá di mẹ́fà-mẹ́fà, agbedeméjì 42 àti 45 sì ni 43.5. Bí John Tukey, ará Amẹ́ríkà tó sọ boxplot di mímọ̀ káàkiri ní nǹkan bí ọdún 1977, ṣe ń ka tirẹ̀ nìyẹn. Lọ sínú Excel, kọ QUARTILE.INC, 43.5 ni wàá rí, kọ QUARTILE.EXC, 42 rẹ á padà wá. Èyí tí olùkọ́ yín fi kọ́ yín ni kí o lò, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé òun lo lò. Ó parí.

Irunmú àpótí yẹn, ìyẹn ìlà tó yọ jáde lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ló kó èmi sí wàhálà nígbà tí mò ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì HND mi lórí iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn fi ń dúró de dókítà. Tìrẹ ni kí n fi ṣàlàyé: 65 yọ 42 jẹ́ 23, ìlọ́po 1.5 rẹ̀ jẹ́ 34.5, fi kún 65, ó di 99.5. Èmi ìgbà yẹn, orí 99.5 ni ǹ bá fa irunmú dé. Súpáfáísọ̀ mi wo àwòrán mi, wọ́n ní, "Aláìsàn wo ló jókòó fún iye ìṣẹ́jú yìí?" Mo wá a títí, kò sí. Ògiri ọgbà lásán ni iye yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé orí ògiri. Ẹni tó kẹ́yìn nínú ọgbà ni irunmú ń dúró lé, ìyẹn 70 fún tìrẹ. Nísàlẹ̀, ògiri wà ní 7.5, àmọ́ 35 ni irunmú ń dé. 140 ti fo ògiri, ó gba àmì róbótó tirẹ̀. Bí o bá sì lo ti R, 91 ni ògiri òkè, ó ṣì fò ó.

Ṣé kí o wá pa á rẹ́? Gbọ́ tèmi ná. Iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn 60 fi dúró de dókítà ní ilé ìwòsàn kan ni mo kó jọ. Mo rí àmì róbótó mẹ́rin lókè, mo ní àwòrán mi ò ní rẹwà, mo yọ wọ́n. Mo tún un yà, mẹ́ta mìíràn yọjú, nítorí bí àpótí ṣe ń súnkì, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ń sún mọ́lé. Mo yọ àwọn náà. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Àfi ìgbà tí súpáfáísọ̀ mi ṣí orí kẹrin: "Ọgọ́ta lo sọ fún wa ní orí kẹta. Àwọn méje yòókù dà, ṣé wọ́n kú ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo padà sínú fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ kọ. Ọ̀kan nínú wọn, 41 ni, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ní 410. Àwọn mẹ́fà tó kù, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó padà wá rí dókítà. Ohun tí pírójẹ́ẹ̀tì náà ń wá gan-an ni mo ti kó dà sí ààtàn. Mo tún orí kẹrin kọ látòkè délẹ̀.

Ohun kan tún wà tí o kọ tí mi ò fẹ́ kó o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O ní apá àpótí tó wà lókè mídíánì gùn ju ti ìsàlẹ̀, "torí náà ọjọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ jù." Rárá o. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ọjọ́ ló wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Kọ́ńgò àgbàdo kan náà ni: dà á sórí ẹní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, á fọ́n káàkiri, dà á sínú abọ́, á ṣù jọ. Gígùn ń sọ bó ṣe fọ́n ká sí, kò sọ iye.

Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ 11 péré ni nọ́ńbà rẹ, to àmì gbogbo wọn sórí àpótí náà. Àpótí lè bo ihò tó wà láàárín àwọn nọ́ńbà mọ́lẹ̀, bóyá ọjọ́ Sátidé rẹ kó ara wọn jọ nísàlẹ̀, tí ọjọ́ iṣẹ́ yòókù kó tiwọn jọ lókè.

Ní ti 140, ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ wo ọjọ́ náà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí tírélà ṣubú lójú ọ̀nà ni, fi sílẹ̀, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ àwòrán. Tó bá jẹ́ 40 lo fẹ́ tẹ̀, tún un ṣe, kí o sì tún ṣírò látìbẹ̀rẹ̀, torí mídíánì rẹ ò ní jẹ́ 52 mọ́.