Ẹ Bi Àǹtí Aránṣọ: Ṣòkòtò Tó Gba Ìdí, Tí Kò sì Ṣí Níbàdí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Aránṣọ. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà, lápá Alábàtà níbí. Ọkadà la máa ń gùn wọnú oko, a ó wá fẹsẹ̀ rìn láàárín ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ṣòkòtò ló ń dà mí láàmú. Èyí tó bá gba ìdí mi, ìbàdí rẹ̀ á fẹjú débi pé mo lè ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Èyí tó bá mọ níbàdí kì í kọjá itan. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn mi á hàn síta. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ lé ọkadà, ó ti ya lábẹ́ nìyẹn. Mo ra ti ọkùnrin, kò bá mi mu. Mo wọ légìnsì, ẹ̀fọn ń gún mi gba inú rẹ̀. Àpò ara ti obìnrin kì í sì í gba fóònù. Ṣé ìdí mi ló burú ni, àbí ṣòkòtò? — Ìyá Ìbejì, Alábàtà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ìdí yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó gé ṣòkòtò náà ni kò ro tiyín mọ́ ọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àṣerò, l’Abẹ́òkúta níbí, àwọn obìnrin kì í yé gbé ṣòkòtò tuntun wá pé kí n bá wọn mú ìbàdí rẹ̀ wọlé. Tí mo bá fi téèpù wọ̀n wọ́n, ohun kan náà ni mo máa ń rí. Ẹ wọn ibi tí ẹ ń so ìró mọ́, ẹ wá wọn ibi tí ìdí ti yọ jù; ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lára àwọn oníbàárà mi máa ń tó íńṣì 12, 13, ti ẹlòmíràn á tó 15. Àwọn tó ń rán ṣòkòtò ní òkè òkun, nǹkan bí íńṣì 10 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo íńṣì tó ṣẹ́ kù yẹn, ìbàdí ló máa fi ṣí sílẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn kò lè gbà yín sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1939 sí 1940, ìjọba wọn ní kí wọ́n lọ wọn àwọn obìnrin bí 15,000, ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n sáìsì aṣọ obìnrin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1958. Nígbà tó di 1983, wọ́n fagi lé e, kálukú wá ń kọ nọ́ńbà tó wù ú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sáìsì 12 ti Ìlú Ọba ò ju 8 ti Amẹ́ríkà lọ, inú òkìtì kan náà ni wọ́n sì ń kó àwọn méjèèjì sí fún wa. Tí ẹ bá dé bọ́síkọ́nà, níbi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà, tí wọ́n bá ní “Màmá, sáìsì 14 ni, ó máa gbà yín,” ẹ kàn bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan á tún mú ìbàdí ṣòkòtò, wọ́n á fi yí yín lọ́rùn. Tí etí rẹ̀ méjèèjì bá kanra lẹ́yìn, wọ́n á ní ó ti bá yín mu. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, torí ìbàdí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọrùn wọn lọ́nà méjì. Ṣùgbọ́n kí ni ọrùn mọ̀ nípa ìdí?

Ẹ wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ lọ sọ́jà, kí ẹ lè fa ṣòkòtò wọ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ tán, ẹ lóṣòó. Ẹ lóṣòó dáadáa, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ẹ tún gbé ẹsẹ̀ kan lé orí bẹ́ńṣì bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gun ọkadà. Tó bá fún yín nítan tàbí tó ń fà yín lábẹ́, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kò sí télọ̀ tó lè fa aṣọ tí kò sí níbẹ̀ gùn. Tó bá jẹ́ ìbàdí nìkan ló fẹjú, ẹ rà á. Ìyẹn ò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún télọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ wọn á tú ẹ̀yìn gan-an, wọ́n á fa gbogbo rẹ̀ wọlé lójú kan. Tí ohun tí wọ́n fẹ́ mú wọlé bá ti ju íńṣì 2 lọ, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á sún mọ́ra, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí ara wọn, ojú rírán ẹ̀yìn á sì wọ́. Ẹ ní kó pín in: díẹ̀ lẹ́yìn, díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó sì mú dáàtì méjì, ìyẹn ìṣẹ́po kékeré tó ń mú aṣọ wọlé, sókè àpò. Kó tú bẹ́líìtì ara rẹ̀, ìyẹn aṣọ tó yí ìbàdí rẹ̀ ká, kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún un gé, kó wá dá a padà. Ọ̀lẹ télọ̀ kì í fẹ́ tú u, ká sọ tòótọ́.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ rán tiyín. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní télọ̀ ni mo jẹ́, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan wà tí púpọ̀ nínú wa kì í wọ̀n fún obìnrin, òun ló sì ń ba ṣòkòtò jẹ́. Ẹ fi ẹnu téèpù sí ibi tí bọ́tìnnì máa wà níwájú, ẹ gbà á kọjá láàárín itan, ẹ fà á jáde lẹ́yìn títí dé ìbàdí, láì fà á le. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìdúró. Ẹ wá jókòó sórí àpótí, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ó rí i pé ó ti gùn sí i. Kí ṣòkòtò oko yín sún mọ́ ti ìjókòó yẹn, kí gígùn tó lé sì wà lápá ẹ̀yìn. Tí télọ̀ bá lọ fi í sí iwájú, aṣọ á kàn ká jọ síbẹ̀ ni, ẹ̀yìn yín á ṣì máa hàn. Ìdí nìyí tí ti ọkùnrin kò ṣe bá yín mu: gígùn ẹ̀yìn tiwọn kò tó tiwa.

Ti yíya abẹ́ ńkọ́? Ojú rírán mẹ́rin ló ń pàdé níbẹ̀ lójú kan ṣoṣo, gbogbo agbára tí ẹ fi ń gun ọkadà, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹ ní kí télọ̀ gé àlẹ̀mọ́ onígun mẹ́rin lára aṣọ náà, bí íńṣì 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó rán an sáàárín ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, kí igun rẹ̀ kan kọjú síwájú, kí èkejì kọjú sẹ́yìn. Ojú rírán ò ní pàdé mọ́ níbì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti rí kẹ̀ǹbẹ̀ àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Aṣọ tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rán bùbá ọmọdé. Kó rán ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó lo òwú pọ́lísítà, torí ti kọ́tìn máa ń tètè já.

Aṣọ wo? Kakí tó nípọn níwọ̀nba, tí òwú rẹ̀ há mọ́ra. Ẹ mọ èèmọ́ àti wèrèpè ju èmi lọ. Aṣọ oníhun rírọ̀ bíi légìnsì ni èèmọ́ fẹ́ràn jù, orí kakí tó dán ni ẹ ti lè fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ̀fọn náà kì í sábà rí ọ̀nà gba inú rẹ̀, pàápàá tí kò bá lẹ̀ mọ́ ara. Jíìnsì dára lẹ́ẹ̀rùn, àmọ́ tí òjò bá pa á, ó di ẹrù, kì í sì í gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, itan á wá bó. Tí ẹ bá rí kakí tí wọ́n kọ sí pé elastane rẹ̀ (òwú tó ń fà bíi rọ́bà) jẹ́ 2 tàbí 3 nínú 100, ẹ mú un, ó máa ń fà díẹ̀ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o o, rọ́bà inú rẹ̀ á kú.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi sísọ́ọ̀sì kan kakí, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sá a gbẹ. Ó máa ń sún kì nígbà àkọ́kọ́ tó bá kan omi, ó sàn kó sún kì kí wọ́n tó gé e.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, “Àǹtí, ọjà àdìrẹ Ìtòkú rèé nílé wa, ẹ jẹ́ kó fi àdìrẹ rán an.” Mo fẹ́ràn àdìrẹ bí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀, bùbá ló wà fún. Ẹ̀gún ẹyọ kan péré ti tó o.

Ó wá ku àpò. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì wọ ṣòkòtò obìnrin rí. Èyí tí ẹ ti rà náà ní àtúnṣe: kí télọ̀ tú ìdí àpò inú, kó so aṣọ mọ́ ọn títí tí gbogbo fóònù yín á fi wọlé, tí ìka mẹ́rin á sì tún ṣẹ́ kù lókè. Kó fi kakí ṣe é, kó má fi láínìn; kọ́kọ́rọ́ máa ń dá láínìn lu. Kó fi àpò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, lókè orúnkún díẹ̀, kó ní ìdérí àti bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni kí fóònù máa wà tí ẹ bá ń gun ọkadà.

Ohun kan tí ẹ kò bi mí, àmọ́ tí mo mọ̀ pé ẹ ń ro: ilé ìtọ̀ kò sí nínú oko. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín ra èyí tó so mọ́ bùbá lódindi, ìhòòhò ni ẹ ó wà nínú igbó. Ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà sí apá ẹ̀yìn ìbàdí nìkan, kí iwájú ní síìpù àti bọ́tìnnì. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó sì máa ń tẹ̀lé ara ní ọjọ́ tí inú bá wú nítorí nǹkan oṣù. Ẹ yan àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé tó ṣú.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ káàsán mà. Ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ lọ gun Olúmọ. Màmá mi ní ṣòkòtò kì í ṣe aṣọ obìnrin, síkẹ́ẹ̀tì gígùn ni kí n wọ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí àpáta. — Ọmọ ọdún 17, Láfẹ́nwá

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ti pé ó tọ́ tàbí kò tọ́, mi ò dá sí i. Àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà ni kó bi. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún màmá ẹ pé ìyá àgbà mélòó kan ló ń wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ wọn sábẹ́ ìró lọ sóko, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí.

Òun náà ni kó o ṣe. Wọ ṣòkòtò tó fẹ̀, tí rọ́bà wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà wọ́ nílẹ̀. Kí bùbá ẹ gùn dé orúnkún, kó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti ìbàdí. Ìlà ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe pàtàkì: àtẹ̀gùn òkúta ìgbàanì yẹn ga ju ti ilé lọ, ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun sì rẹlẹ̀ débi pé wà á tẹ̀ ba kó o tó wọlé. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹ̀rọ gun Olúmọ ní ọmọ ọdún 17?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Aránṣọ, ìyàwó mi máa ń rìn káàkiri Kútọ̀ láràárọ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Mo fẹ́ ra ṣòkòtò fún un láì jẹ́ kó mọ̀. Mi ò mọ sáìsì rẹ̀, mi ò sì lè bi í. — Baálé ilé, Pánṣẹ́kẹ́

ÌDÁHÙN: Ọkọ gidi. Ẹ má bi í, ẹ má sì fojú wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ni ìyẹn ti dá ìjà sílẹ̀. Ẹ wá ṣòkòtò tó máa ń wọ̀ jù, kì í ṣe èyí tó rẹwà jù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ẹ nà án dáadáa, ẹ wọn ìbàdí, ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù, àti itan, ẹ wá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di méjì. Ẹ tún wọn gígùn láti abẹ́ dé ìṣẹ́tí, àti láti abẹ́ dé ìbàdí níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, kí ẹ sì ká ṣòkòtò náà padà bí ẹ ṣe bá a.

Ẹ ra èyí tí kì í mu omi púpọ̀, torí àágùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù ṣàdéhùn pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì.