Iṣan ẹsẹ̀ mi le, ó gbóná, ó sì ń dùn mí: ṣé kí n máa fọwọ́ wọ́ ọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti pẹ́ tí iṣan ti ń ta kókó lára ẹsẹ̀ òsì mi. Láti ìjẹta ni ọ̀kan nínú wọn, nísàlẹ̀ orúnkún, ti le gbandi bí okùn. Ó gbóná, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi ní ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀, pé kí n máa fi òróró wọ́ ọ kó lè tú. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ó lè pa èèyàn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín ti mọ ohun tó fa ìrora náà, àmọ́ ìtọ́jú tó dábàá léwu. Téèyàn bá ń tẹ ẹ̀jẹ̀ tó dì, apá kan lè já, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sì gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Lára ẹsẹ̀, àwọn iṣan kan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn wà lábẹ́ awọ, àwọn là ń fojú rí. Àwọn tó tóbi jù wà nísàlẹ̀, láàárín ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa nínú iṣan tó ti ta kókó. Ó máa ń dúró síbẹ̀, ó lè dì, iṣan yóò sì wú. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ti abẹ́ awọ, ìyẹn kì í sábà pa èèyàn. Ìrora rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé líle náà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé ojú ò lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà parí sí. Iṣan abẹ́ awọ ń tú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀, ní ẹ̀yìn orúnkún àti ní òkè itan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ lọ ṣe skáànù iṣan ẹsẹ̀ láìfi falẹ̀. Bí èyí tó dì bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, a sábà máa ń fún èèyàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fondaparinux wà lára wọn: abẹ́rẹ́ mílígíráàmù 2.5 lójúmọ́, fún ọjọ́ 45. Bó bá ti sún mọ́ oríta òkè itan, níbi tí iṣan méjèèjì ti pàdé, tó ku sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, bíi ti iṣan ìsàlẹ̀ la ó ṣe tọ́jú rẹ̀, ó kéré tán fún oṣù 3.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè tí ẹ bá jókòó. Ẹ má sùn kalẹ̀ o, ẹ máa rìn. Ibuprofen ń mú ìrora àti wíwú rọlẹ̀, àmọ́ kò yẹ olóyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, tàbí ẹni tó ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré lo oògùn apakòkòrò nítorí pé ibẹ̀ gbóná. Kòkòrò kọ́ ló sábà ń fà á, àfi bóyá níbi tí wọ́n ti fa omi síni lára tó wá ń ṣọyún.

Bí gbogbo ẹsẹ̀ bá wú, bí èémí yín bá dédé ń há, bí àyà bá ń dùn yín tí ẹ bá mí kanlẹ̀, bí ẹ bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ẹ dákú, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn, kódà bó jẹ́ òru.

Ẹ sọ fún dókítà tó bá yẹ̀ yín wò bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí yín lára rí. Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn láìní iṣan tó ta kókó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i, nítorí ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ tó fara pamọ́. Armand Trousseau, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, ti sọ èyí láti 1865. Tiyín ò jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti rọlẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú àwọn iṣan tó ta kókó náà, torí ó lè padà wá bí wọ́n bá wà bẹ́ẹ̀.