Ẹ Bi Wá: Ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ̀gbà tí pílà máa fọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ ilé alájà n'Ìbàdàn. Ẹnjiníà wa ní òun ti fi kọ̀ǹpútà wo àwọn pílà yẹn, ó ní ríǹgì, irin tí wọ́n fi ń wé irin ìdúró pílà, ò gbọdọ̀ jìnnà síra, àmọ́ bíríkìlà ní ríǹgì kàn ń di irin mú kó má tú ni, pé ẹsẹ̀ bàtà kan síra ti tó. Ti ta ni kí n gbọ́? – Onílé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ti ẹnjiníà ni kẹ́ ẹ gbọ́ o jàre. Tẹ́rù bá wúwo lórí pílà, kọnkéré inú ẹ̀ á fẹ́ wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ìta á bó dànù, irin ìdúró á wá fẹ́ tẹ̀ síta láàárín ríǹgì kan sí èkejì, ríǹgì yẹn nìkan ló sì ń dá a dúró. Lọ́dún 1971 tílẹ̀ mì ní Califóníà, ní ọsibítù Olive View, àwọn pílà tí ríǹgì wọn ò tó fọ́ yángá, àwọn tí wọ́n fi irin wé yípo látòkè délẹ̀ bó lára, wọ́n tiẹ̀ wọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì gbé ilé dúró.

Ti kọ̀ǹpútà yẹn, àwọn ètò ìṣirò irú Abaqus tàbí OpenSees ni wọ́n ń lò, ṣe ló máa gé pílà sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sọ fún un bí kọnkéré ṣe ń fọ́ àti bírin ṣe ń nà, wọ́n á wá máa tẹ orí pílà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò kàn ní máa di ẹrù lé e, torí tó bá ti lo gbogbo agbára ẹ̀ tán, ẹrù tó lè gbé á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ibẹ̀ gan-an la fẹ́ rí. Èsì yẹn sì lè yí padà tí wọ́n bá gé e kéré sí i o, ẹni tí ò bá yẹ ìyẹn wò, èmi ò ní gba nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́.

Ohun tí wọ́n bá sì sọ fún kọ̀ǹpútà náà ló máa mú lò. Tẹ́ ẹ bá kọ 25 N/mm² sí agbára kọnkéré, tí bíríkìlà wá bu omi kún un kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, pílà inú kọ̀ǹpútà àti tiyín ti pínyà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu nínú kọnkéré yẹn sí mọ́ọ̀dù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fọ́ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

BS 8110, ìwé ìlànà kọnkéré tí wọ́n lò nílùú Ọba títí di 2010, ní àyè ríǹgì ò gbọdọ̀ ju ìlọ́po 12 ìnípọn irin ìdúró tó tín-ín-rín jù lọ: irin 12mm jẹ́ 144mm, irin 16mm jẹ́ 192mm. Ẹsẹ̀ bàtà kan lé ní 300mm. Ẹ mú tépù dání lọ kí wọ́n tó kan pákó.