Gbòǹgbò Ni Kí Ẹ Wò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Ọgbà Ìgbà Ìwọ́wé

Lẹ́tà yín lórí ọgbà pọ̀ lóṣù yìí, pàápàá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní Ìlú Ọba. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn la mú dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Nọ́sìrì tó wà nítòsí wa ti dín owó ọ̀pọ̀ òdòdó kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ewé wọn ti ń pọ́n, òmíràn ò tilẹ̀ ní ewé lórí mọ́. Ṣé kì í ṣe òkú ni wọ́n ń tà fún wa? (Ìyá kan, Peckham)

Kì í ṣe òkú, mà. Òdòdó tó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń gbẹ lórí nígbà ìwọ́wé, kí ìdí rẹ̀ sì wà láàyè títí di ìgbà ìrúwé. Àkókò yìí gan-an ló dára láti rà á. Ilẹ̀ ṣì móoru láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò sì ti ń rọ̀, nítorí náà gbòǹgbò á ráyè rìn kí òtútù tó le. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹfà, ewé àti òdòdó ló ní láti kọ́kọ́ bọ́, ẹ̀yin náà á sì máa pọnmi sí i ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá dé nọ́sìrì, ẹ má jẹ́ kí òkè rẹ̀ tàn yín. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ di ìdí rẹ̀ mú láàárín ìka, ẹ da ojú ìkòkò dé, kí ẹ rọra fà á yọ. Gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń funfun ní ṣóńṣó, ó sì máa ń le lọ́wọ́. Bí ó bá dúdú, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tó sì ń rùn, omi ti pa á nìyẹn. Bí gbòǹgbò bá ti lọ́ mọ́ra yí inú ìkòkò po, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òdòdó lásán, ẹ lè rà á bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbìn ín, torí bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yíyípo náà ni yóò máa yí nínú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ igi, ẹ fi í sílẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá sì ya lulẹ̀ gbàà bí ẹ ṣe fà á, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sínú ìkòkò ńlá ni, owó erùpẹ̀ lẹ sì fẹ́ san.

Níbẹ̀ náà, ẹ wá ìdin funfun tó ká kò, tí orí rẹ̀ pọ́n, tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ọmọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní vine weevil ni. Láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà ìrúwé ló fi ń jẹ gbòǹgbò lábẹ́lẹ̀, ẹ ò sì ní fura títí òdòdó náà yóò fi rọ lójijì. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ má ra ìkòkò náà, ẹ sì yẹ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ ka àkọlé ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RHS, ń lo H1 dé H7 láti fi hàn bí nǹkan ọ̀gbìn ṣe lè fara da òtútù tó. H3 lè gbà á dé -5 °C, H4 dé -10 °C, H5 dé -15 °C. H2 kò gbọ́dọ̀ rí ìrì dídì rárá. Ní Peckham, H4 yóò là á já lọ́pọ̀ ọdún.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ ri ìkòkò náà bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi títí afẹ́fẹ́ kò fi ní hó jáde mọ́. Kí ihò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìkòkò, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Ẹ bomi sí i lẹ́yìn rẹ̀, òjò ìbáà ti rọ̀, torí omi yẹn ló ń mú kí erùpẹ̀ di mọ́ gbòǹgbò. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i nísinsìnyí. Ọ̀mùnú rírọ̀ ni yóò mú jáde, òun sì ni ìrì dídì máa ń kọ́kọ́ pa.

Ata rodo mi so gan-an, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé ni púpọ̀ nínú rẹ̀, òtútù sì ti dé tán. Ṣé kí n fà á tu ni? (Bàbá kan, Manchester)

Ẹ má fà á tu o, bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ata rodo kì í kú lẹ́yìn ọdún kan bí ojú ọjọ́ bá gbà á láyè. Ìrì dídì ló ń pa á níbí, ẹyọ òru kan ṣoṣo sì tó. Bí òru bá ti ń lọ sí 10 °C, àsìkò ti tó láti gbé e wọlé.

Ẹ ká gbogbo ata orí rẹ̀. Èyí tó ti ń yí àwọ̀ yóò pọ́n bí ẹ bá kó o sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ata ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà 15 láti ilẹ̀, kí oríkèé bíi mélòó kan ṣì wà lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewé tuntun yóò ti yọ. Ẹ wà á tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 pẹ̀lú kọ́ńpọ́ọ̀sì tuntun, kí ẹ sì gbé e sẹ́bàá fèrèsé tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tó jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru.

Omi ló ń pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú ilé, kì í ṣe òtútù. Igi tí kò ní ewé kì í mumi púpọ̀. Bí ẹ bá ń bomi sí i bíi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò á jẹrà. Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀, ó di ìgbà tó bá gbẹ dé sẹ̀ǹtímítà 3 kí ẹ tó bu díẹ̀ sí i. Ohun kejì ni àwọn kòkòrò wẹẹrẹ aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú. Inú ilé kò ní ẹyẹ tàbí kòkòrò mìíràn tí yóò jẹ wọ́n, nítorí náà ẹ máa fi ìka nù wọ́n kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lábẹ́ ewé pàápàá.

Bí ewé tó kù bá wọ́ dànù, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ó bá gbẹ, tó sì pọ́n títí dé ìdí, ó ti lọ. Ní oṣù kẹta, ẹ pààrọ̀ erùpẹ̀ rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ajílẹ̀. Ní Manchester, ẹ má gbé e síta gbére kí oṣù karùn-ún tó parí. Yóò ti máa so nígbà tí àwọn tó gbin irúgbìn ṣì ń retí òdòdó.

Wọ́n ní igi ápù tí kò ní erùpẹ̀ nídìí rárá dínwó ju ti inú ìkòkò lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ọgbà mi kéré. (Òǹkàwé, Luton)

Òótọ́ ni, ó sì máa ń ṣe dáadáa. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni wọ́n ń tà á, nígbà tí igi bá ń sùn. Ohun tí ẹ máa béèrè ni irú ìdí tí wọ́n lọ́ ọ sí, ìyẹn igi mìíràn tí wọ́n so ẹ̀ka ápù náà mọ́ kó lè máa lo gbòǹgbò rẹ̀, torí ìdí yẹn ló ń pinnu gíga rẹ̀. Igi tó wà lórí ìdí tí wọ́n ń pè ní M27 kì í ju mítà 2 lọ. M9 máa ń ga tó mítà 2 sí 3. MM106 lè ga ju mítà 4 lọ, ó ti pọ̀ jù fún ọgbà yín. Gbòǹgbò M27 àti M9 kò lágbára, nítorí náà igi ìfẹ̀yìntì kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ayé wọn.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá gbòǹgbò tó wà níhòòhò. Ẹ fi àpò tútù wé e títí dé ilé, ẹ rì í sómi fún bíi wákàtí kan, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá dì tàbí tó kún fómi, ẹ fi erùpẹ̀ tútù bo gbòǹgbò rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ihò nídìí títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Kókó ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀. Bí ẹ bá bò ó, apá òkè yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀, igi kékeré tí ẹ rà á sì di ńlá. Ẹ wò bóyá ápù mìíràn wà ládùúgbò tó ń tanná lásìkò kan náà, torí ọ̀pọ̀ ápù kì í so dáadáa lóun nìkan.

Ṣé mo lè mú igi ewúro wá láti Ìbàdàn? (Òǹkàwé, Bristol)

Láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí i, ìyẹn NAQS, rárá. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí i rà níbí, inú ìkòkò ni kó wà, kó sì wọlé pẹ̀lú ata rodo.

Ewé igi aládùúgbò ló kún ọgbà mi. Ṣé kí n sun ún? (Ìyá kan, Leeds)

Ẹ má sun ún, mà. Ilẹ̀dú ni. Ẹ kó o sínú àpò dúdú, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, ẹ fi fọ́ọ̀kì lu àpò náà lójú mélòó kan, kí ẹ gbé e síkọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti dára láti fi bo ìdí òdòdó; lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ lè pò ó mọ́ erùpẹ̀ irúgbìn. Ewé tó ní àrùn kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Aáyù ọjà ni mo gbìn ní oṣù kẹrin. Ẹyọ kan ṣoṣo roboto ni mo wà jáde nínú ilẹ̀, kò ní awẹ́. Kí ló fà á? (Òǹkàwé, Coventry)

Òtútù ni kò jẹ tó. Aáyù nílò oṣù kan sí méjì nínú òtútù kí ó tó lè pín sí awẹ́, ìdí nìyí tí a fi ń gbìn ín ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Aáyù ọjà sì lè wá láti ilẹ̀ tó móoru jù, tàbí kó gbé àrùn wá. Ẹ ra ti nọ́sìrì. Awẹ́ tó tóbi nìkan ni kí ẹ gbìn, tòun ti èèpo rẹ̀, ṣóńṣó sókè, kí erùpẹ̀ bò ó ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí poro sí poro jẹ́ 30. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ kọ ebè kí omi má baà dúró nídìí rẹ̀. Ẹyẹ máa ń fa ọ̀mùnú àkọ́kọ́ yọ, nítorí náà ẹ fi àwọ̀n bò ó títí yóò fi ta gbòǹgbò.