Ṣé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí omi bátìrì ti jò sí lè ṣiṣẹ́ padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ tí irin tí bátìrì ń fara kàn kò bá tíì jẹ tán. Èèpá funfun tó bo irin náà ni kì í jẹ́ kí iná kọjá.

Nínú bátìrì alkaline, potassium hydroxide ló ń jò, òdìkejì ásíìdì ni, ó sì lè bó èèyàn lára, nítorí náà wọ ìbọ̀wọ́. Yọ bátìrì, rẹ òwú sínú ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, kí o fi nu èèpá náà. Ó máa hó díẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ha á, fi sípírítì nù ún, kí o jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tí irin náà bá ṣì dúdú, fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán.

Fi bátìrì tuntun méjì sí i. Má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù, torí àlòkù ló máa kọ́kọ́ jò. Wá kọjú rìmóòtù sí kámẹ́rà iwájú fóònù, kí o tẹ bọ́tìnì. Tí iná bá ń ṣẹ́jú lójú fóònù, rìmóòtù ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí sípíríǹgì rẹ̀ bá ti já, àfi kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó òmíràn mọ́ ọn.