Èsì: Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé àti ẹyẹ òkun ní Gotland

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ kúrò ní ìlú Visby lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ní Gotland, erékùṣù kan ní Swídìn, àti ibi tí ẹ ti lè rí ẹyẹ òkun. Ó yẹ dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta kọ́ lé ní 90 níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó tún ń ṣòwò lójú òkun ló náwó lé wọn lórí, kí Valdemar ọba Denmark tó ṣígun dé ní ọdún 1361. Ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Källunge, ibi pẹpẹ ga, ó sì gbòòrò ju ibi tí ìjọ ń jókòó lọ, nítorí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún ilé náà kọ́ láti ìhà ìlà-oòrùn, iṣẹ́ náà kò sì dé ìwọ̀-oòrùn mọ́. Lójú tèmi, àìparí yẹn gan-an ló dùn ún wò jù.

Ní ti ẹyẹ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Klintehamn lọ sí erékùṣù kékeré Stora Karlsö, tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti ọdún 1880. Ìparí oṣù Kẹfà ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ guillemot, tí wọn kò tíì lè fò, máa ń bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpáta ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá wọn á sì máa ké pè wọ́n nísàlẹ̀.